ÀTẸ̀JÁDE ÌPÀDÉ ẸGBẸ́ ÀWA ÒṢÌṢẸ́ IGBÓ ỌBA LÓRÍ IGBÓ OMO

Lẹ́yìn ìjíròrò tó gùn, tí ohùn sì lọ sókè nígbà mìíràn, ohun tí a fẹnu kò lé lórí nìyí.

Láti ọdún 1925 ni òfin ti wà lórí Igbó Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ilẹ̀ rẹ̀ lé ní hẹ́kítà 130,000. Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ nìkan á rò pé igbó kan ni. Àwa tí à ń fẹsẹ̀ rìn ín mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Nǹkan bí hẹ́kítà 460 ni wọ́n fi òfin dè pátápátá ní 1946: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gégi, dáko tàbí dọdẹ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni igi gíga, igi kúkúrú àti ìtàkùn ṣì ti ń gbé pọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ṣa gẹdú gé, arèrè, afàrà àti ọ̀gànwó tó sanra ń tán lọ, àmọ́ bí agégẹdú bá dá ìyá igi sí, tó sì jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi, igbó á padà hù. Ti oko igi mẹ̀línà, igi tí wọ́n fi ń ṣe bébà, yàtọ̀. Torí ilé iṣẹ́ bébà Iwopin ni wọ́n ṣe pa igbó rẹ́ kí wọ́n lè gbìn ín. Igi kan náà ló tò lọ rẹrẹẹrẹ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà, ẹyẹ tó ń jẹ onírúurú èso kò sì rí nǹkan kan mú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ tó wà nínú igbó ló pẹ́ jù nílẹ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló gba àwọn kan láàyè láti gbin oúnjẹ sáàárín igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Kòkó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ sì ti di àgbàlagbà. Ẹgbẹ́ wa kò fara mọ́ àwọn tó ní kí a lé gbogbo wọn. Oko kòkó tí igi igbó ṣíji bò ṣàǹfààní fún ẹyẹ àti ilẹ̀ ju oko tí oòrùn ń jó lọ. Oko tuntun ni kí wọ́n dá dúró.

Ní 1977, UNESCO ka Omo mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé ń ṣọ́: àárín tí a dè, agbègbè tó yí i ká, lẹ́yìn náà ibi tí ènìyàn ń gbé. Ètò náà dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n erin ṣì wà ní Omo, erin kì í sì í gbé inú hẹ́kítà 460. Òun ló ń gbé èso òro mì, tó ń gbé kóró rẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn. Bí ọdẹ bá pa erin àti atíálá tán, igi á dúró, ọmọ rẹ̀ kò sì ní rìn jìnnà.

Ẹnìkan ní ìpàdé tọ́ka sí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75 péré, tí èèwọ̀ dáàbò bò kí òfin tó dé. Òótọ́ ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń fi Igbó Ọ̀ṣun gbọ́ bùkátà bí wọ́n ti ń fi Omo gbọ́ ọ.

Nítorí náà, a ń béèrè pé kí wọ́n la ààlà àárín igbó lọ́dọọdún, kí wọ́n ka oko tó wà nílẹ̀, kí ilẹ̀ mẹ̀línà tí wọ́n bá gé sì gba igi ìbílẹ̀. Kí ẹ̀ṣọ́ igbó gba owó oṣù lásìkò, pẹ̀lú bàtà àti alùpùpù. Títí a ó fi rí ìwọ̀nyí gbà, ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan kò ní dá wọ igbó lóru lọ kojú agégẹdú olè.

Alága àti Akọ̀wé ló fọwọ́ sí i.