Kóòdù Kì í Ṣe Odù



Ìbéèrè kan ti ń pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Bí kọ̀ǹpútà bá tẹ kóòdù jáde sórí tíkẹ́ẹ̀tì tàbí rìsíìtì, tí ẹni tó ni ín sì rí IKU tàbí OFO nínú rẹ̀, ẹ̀rù a bà á. A ní ṣebí orúkọ a máa ro ọmọ. Ẹbọ wo ni kí òun rú? Èrò tèmi ni pé kò sí ẹbọ níbẹ̀.

Òótọ́ ni pé nínú àṣà wa, iye máa ń sọ̀rọ̀. Bí a bá fi owó ẹyọ mẹ́fà pàrokò sí olólùfẹ́, ó túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni fà sí i. Bí ó bá fi mẹ́jọ fèsì, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló ka owó náà, tó sì dì í. Ẹnì kan ló gbà á, àwọn méjèèjì sì gbọ́ èdè àrokò. Àrokò tí kò ní ẹni tó fi í ránṣẹ́ kì í ṣe àrokò.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé: ikin ńkọ́? Ṣé òun náà kì í kàn ṣẹ́kù sọ́wọ́ ni? Rárá o. Kí a tó lu ikin, a ti júbà, olùbéèrè sì ti sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ojú odù tó jáde jẹ́ ọ̀kan nínú 256, ó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, a ó sì tún dì ìbò láti mọ̀ bóyá ire ni tàbí ibi. Ìbéèrè ló ṣáájú ìdáhùn. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ ìbéèrè ẹnikẹ́ni. Kódà NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí iye rẹ̀ jẹ́ 11, ṣe ni wọ́n dìídì ṣà á kí ó má baà ní ìtumọ̀ kankan nínú.

Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀ ní Èkó tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú EPE. Ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́ ni lẹ́tà mẹ́ta náà dúró fún. Nítorí pé kò sí àmì ohùn lórí wọn, ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè kà wọ́n sí èpè. Ojú òǹkàwé ni èpè náà wà, kò sí lára ọkọ̀.

Síbẹ̀, n kò sọ pé ọ̀rọ̀ kò ní agbára. Ọ̀rọ̀ burúkú tí a kò rò tẹ́lẹ̀ lè dun ènìyàn. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi lẹ́tà SS, SA tàbí KZ sí nọ́ńbà ọkọ̀ ní Jámánì, nítorí ìwà ìkà ìjọba Hitler. Ní Sípéènì, láti ọdún 2000, wọn kì í lo fáwẹ̀lì nínú nọ́ńbà ọkọ̀ tuntun, kí lẹ́tà má baà di ọ̀rọ̀. Mo rọ àwọn ọmọ wa tí ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún èdè wa. Ẹ fi IKU, OFO, ARUN àti OLE sára ohun tí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ tẹ̀, tàbí kí ẹ yọ fáwẹ̀lì kúrò. Díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tó lè dúró láìsí i.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀rọ kò wo ilé ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, awo tí ó bá fẹ́ gba owó ẹbọ lọ́wọ́ yín nítorí nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ bi í pé odù wo ló jáde, àti ìgbà wo ló dá Ifá. Bí ọkàn yín kò bá sì balẹ̀, ẹ lọ bá awo tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ fi ẹnu ara yín bi Ifá léèrè. Ohun tó bá wí ni kí ẹ ṣe.

Ire gbogbo o. Àṣẹ.