Kámẹ́rà Nìkan Kọ́ Ni Ogún

Kámẹ́rà Mamiya Six kan wà nínú yàrá bàbá àgbà mi ní Agége. Bí o bá ṣí i, awọ rẹ̀ á nà bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Bí o bá pa á dé, ó wọ àpò. Ọdún 1940 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní Japan. Fíìmù ló máa ń sún kí àwòrán lè mọ́ kedere, kì í ṣe lẹ́ǹsì.

Àwọn ẹbí ń du kámẹ́rà náà báyìí. Nẹ́gẹ́tíìfù ńkọ́? Wọ́n ti dáná sun ún nígbà tí wọ́n ń kun ilé. Ojú àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Ìkẹjà tó wá ya fọ́tò láti fi ránṣẹ́ sílé ló bá a lọ.

Kámẹ́rà ṣeé rà. Ní 1983 pàápàá, Fuji tún gbé GS645 tó ń ká jáde. Nẹ́gẹ́tíìfù kò ṣeé rà. J.D. 'Okhai Ojeikere tọ́jú tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí irun onílé gogoro tó yà ní 1975 títí dòní.

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá máa ń gba oríkì sílẹ̀. Fọ́tò ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó da páálí àtijọ́ nù, ẹ gbé fíìmù inú rẹ̀ sókè síbi ìmọ́lẹ̀ ná.