Ẹ Fi Ipa Adití Sílẹ̀ fún Adití

Ó ti sú mi láti máa wo fíìmù Yorùbá tí ẹni tó ń gbọ́ràn ketekete ti ń ṣe adití. Á lanu sílẹ̀, á máa ké "ba-ba-ba", á máa ju ọwọ́ kiri bí ẹni ń lé eṣinṣin, àwọn òǹwòran á sì bú sẹ́rìn-ín. Èdè ọwọ́ tí àwọn adití ń sọ kò sí níbẹ̀ rárá. Ìfiniṣẹ̀sín ni. Mo sọ ọ́ láì fepo bọyọ̀: kí olùdarí eré kankan má ṣe fún ẹni tó ń gbọ́ràn ní ipa adití mọ́.

Wọ́n á ní, níbo ni àwọn ó ti rí adití tó lè ṣeré? Ṣé Àkúrẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití wà yìí náà ni wọ́n ti ń bèèrè? Láti ọdún 1960 ni Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, ti dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá wá wọn ló ń rí wọn.

Wọ́n á tún ní adití kò lè gbọ́ àṣẹ olùdarí. Adití ni Marlee Matlin tó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún eré ṣíṣe lọ́dún 1987, adití ni Troy Kotsur tó gba tirẹ̀ lọ́dún 2022. Bí wọ́n bá ní adití kò lè bá ìlù inú eré rìn ńkọ́? Evelyn Glennie, ará Scotland, ń lu ìlù jẹun láìgbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Á bọ́ bàtà kí ìlù lè gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé sí i lára. Ẹni tó bá ti dúró ti onílù ìyáàlù rí mọ̀ pé àyà náà máa ń gbọ́ ọ.

Ibi tí wọ́n ti lè kọ́ adití ní eré náà wà nítòsí: Ìlárá-Mọ̀kín kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Yunifásítì Elizade tó wà níbẹ̀ láti ọdún 2012 ń kọ́ni ní eré orí ìtàgé àti fíìmù. Kí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ lọ wá ọmọ adití ní Àkúrẹ́, kí wọ́n gba ògbufọ̀ èdè ọwọ́ síṣẹ́.

Ẹ má sọ pé owó ògbufọ̀ pọ̀. Ẹ ń rówó háyà ẹ̀rọ ayàwòrán tó ń fò lófuurufú. Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 sì ka yíya akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè rán ènìyàn lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Ẹ̀yin òǹwòran, owó yín ni wọ́n ń wò. Ẹ má san án fún ayédèrú adití mọ́.