ÌMỌ̀RÀN OWÓ: Bí Wọ́n Bá Lù Yín ní Jìbìtì Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì, Ẹ Má Dákẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ojú ń tì mí díẹ̀ láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìtìjú yẹn gan-an ló jẹ́ kí n mú kálámù.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àbíkẹ́yìn wa ń múra láti wọ yunifásítì, ó nílò láptọ́ọ̀pù. Mo rí ọ̀kan lórí ọjà íntánẹ́ẹ̀tì, £340 péré, bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ lé ní £600 ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń tà á ní kí n má wulẹ̀ sanwó látinú ọjà náà, kí n fi í ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì òun. Ọmọ mi wo fóònù mi, ó ní, "Dádì, ẹ má sanwó fún wọn o. Ẹni tí ò fẹ́ ká rí òun, kí ló dé?" Mo ní, "Ìwọ, kí lo mọ̀ nípa owó? Ta ni accountant nínú àwa méjèèjì?" Mo sanwó. Láptọ́ọ̀pù ò dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìpolówó ọjà náà ti pòórá, ẹni náà ò sì gbé fóònù mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi dákẹ́. Èmi tí mo ń bá ẹlòmíràn ṣírò owó láti ọjọ́ pípẹ́! Ìyàwó mi ló rán mi létí pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo pe báńkì, mo sọ òótọ́ gbogbo fún wọn. Wọ́n dá £240 padà fún mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé owó tó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé: báwo ni mo ṣe sanwó?

Èkínní, bóyá láti àkáǹtì yín lẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì mìíràn ní Bìrìtéènì níbí. Láti ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti di dandan fún báńkì láti dá owó padà fún ẹni tí oníjìbìtì tàn, títí dé £85,000, bí ó bá fi tó wọn létí láàárín oṣù 13. Báńkì lè yọ tó £100 nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni £100 tèmi há sí. Wọ́n sì lè kọ̀ bí wọ́n bá rí i pé ẹ kò bìkítà rárá. Ẹ jọ̀ọ́, owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà kò sí lábẹ́ ètò yìí o. Ẹni tó ń ra léèsì lórí WhatsApp lọ́wọ́ ará Èkó, kó fi èyí sọ́kàn.

Èkejì ni káàdì. Bí ó bá jẹ́ credit card, ìyẹn káàdì àwìn, òfin Consumer Credit Act ti ọdún 1974, abala 75, mú ilé-iṣẹ́ káàdì pọ̀ mọ́ ẹni tó tajà, bí iye ọjà náà bá lé ní £100 tí kò sì ju £30,000 lọ. Ṣùgbọ́n bí owó bá gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tajà, ó lè dojú rú. Bí ó bá jẹ́ debit card, ẹ ní ẹ fẹ́ chargeback. Ìyẹn kì í ṣe òfin, ètò àwọn oníkáàdì ni, ó sì ní gbèdéke, torí náà ẹ tètè ṣe é.

Ẹ̀kẹta, bí ọjà bá dé àmọ́ tó bàjẹ́ ńkọ́? Bí oníṣòwò ló tà á, Consumer Rights Act ti ọdún 2015 fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá a padà kí ẹ gba gbogbo owó yín. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan tó kàn ń ta ohun ìní ara rẹ̀ ni, ohun tí òfin bèèrè ni pé kí ọjà bá ohun tó sọ mu. Torí náà, ẹ ya àwòrán ìpolówó náà pamọ́ kí ẹ tó sanwó.

Bí báńkì bá kọ̀, ẹ kọ ẹ̀sùn sí wọn. Bí èsì wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gba Financial Ombudsman Service lọ láàárín oṣù 6. Ọ̀fẹ́ ni. Ilé-ẹjọ́ kékeré náà wà fún owó tí kò ju £10,000 lọ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ san owó ìwé, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ẹ ń pè lẹ́jọ́. Oníjìbìtì kì í fi àdírẹ́sì sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹ pe 159, á so yín pọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ báńkì. Ẹ fi tó ọlọ́pàá létí ní 0300 123 2040. Àwọn Citizens Advice náà wà ní 0808 223 1133. Ẹnikẹ́ni tó bá wá bá yín pé kí ẹ san nǹkan kí òun lè bá yín gba owó yín padà, olè kejì nìyẹn.

Ní ọjà Gorton, a máa ń fọwọ́ kan ọjà, a ń yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, kí a tó yọ owó. Èwo wá ni ti àwòrán lásán? Ní ilé wa báyìí, n kì í ra ohunkóhun lórí fóònù kí ọmọ mi tó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti ní kó má bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní £100 yẹn ni owó ilé-ìwé tèmi.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí i tí Dádì tàbí Mọ́mì fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ wọn.

Ó tún dìgbà kan ná.