Ewéko Òkun Lè Rọ́pò Ọ̀rá

Òfin 2017-39 ti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017 ka ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. A kò gbọdọ̀ ṣe é, a kò gbọdọ̀ kó o wọlé, a kò gbọdọ̀ tà á, a kò sì gbọdọ̀ lò ó. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá lọ sí ọjà mọ̀ pé ọ̀rá kò tíì kúrò nílẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn ìyá ọlọ́jà kórìíra òfin. Wọ́n ní kí wọ́n ju ọ̀rá sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì rí ohun mìíràn tí owó rẹ̀ kéré bí ti ọ̀rá.

Ìdí nìyí tí ìwádìí lórí ewéko òkun fi kàn wá. Epo rọ̀bì ni a fi ń ṣe ọ̀rá, ilẹ̀ kì í sì í jẹ ẹ́ bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan tí ó ń yọ̀ bí ilá wà nínú àwọn ewéko òkun kan tí àwọ̀ wọn jọ ti erùpẹ̀. Alginate ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá rẹ ewéko náà sínú omi tí a po sódà mọ́, ohun yíyọ̀ náà yóò jáde. A lè sẹ́ ẹ, kí a tẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó sì gbẹ di ohun tí a fi ń di nǹkan. Ní ọdún 2019, níbi eré ìje ọlọ́nà jíjìn ti ìlú London, ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Notpla lónìí pèsè irú àpò kékeré bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní 30,000 fún ohun mímu àwọn tí ń sáré. Ẹni tí ó fẹ́ lè gbé àpò náà mì pẹ̀lú. Èyí tí ó bá bọ́ sílẹ̀ yóò jẹrà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Pàǹtí rẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo igi ọ̀pẹ: a ń fi ẹyìn rẹ̀ ṣe epo, a ń fi ẹkùrọ́ ṣe àdín, a ń fi èèpo ẹkùrọ́ dáná, a sì ń fi imọ̀ ṣe ìgbálẹ̀. Báyìí ni àwọn olùwádìí fẹ́ kí ewéko òkun rí. Ohun tí ó kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ alginate ni wọ́n ń sọ di ìwé páálí.

Láti ọdún 2011 ni ewéko tí a ń pè ní sargassum ti ń ya bo etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ń dí àwọ̀n àwọn apẹja. Bí ó bá rà, ó ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Ìyọnu yìí lè di ohun èlò, ṣùgbọ́n kí a má ṣe sáré jù. Sargassum a máa fa májèlé àsẹ́níìkì mọ́ra láti inú omi òkun. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ fi í di oúnjẹ, a kò sì gbọdọ̀ fi pàǹtí rẹ̀ ṣe ajílẹ̀, láìjẹ́ pé a ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Lójú tiwa, ó yẹ kí ìjọba náwó sórí ìwádìí yìí ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, kí apẹja tí ó bá kó ewéko náà jọ sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ará òkèèrè ni yóò ṣe é, àwa yóò sì máa rà á bí a ti ń ra ọ̀rá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà, ẹ máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá kí ẹ tó gbà á. Ẹ bi ẹni tí ń tà á pé: ṣé ó ń jẹrà ni, àbí ó kàn ń fọ́ sí wẹ́wẹ́? Èyí tí ó fọ́ sí wẹ́wẹ́ kò kúrò nínú ilẹ̀. Ojú wa ni kò rí i mọ́. Kí ìwádìí tó so èso, ewé tí a fi ń di ẹ̀kọ ṣì wà lọ́jà, apẹ̀rẹ̀ náà sì wà. Ẹ jẹ́ kí a lo ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa.