Sí Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Ń Wá Ọgbọ́n Láti Tan Àyẹ̀wò Oògùn Olóró Jẹ

Ohun tí àyẹ̀wò ń wá nínú ìtọ̀ ẹni tó mu igbó kì í ṣe igbó gan-an. THC, èròjà inú igbó tó ń pani bí ọtí, kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Láàárín wákàtí mélòó kan, ẹ̀dọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á dà di nǹkan mìíràn tí kò lè pa ẹnikẹ́ni mọ́, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní THC-COOH. Ohun tí ẹ̀dọ̀ pa dà yìí ni wọ́n ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kokéènì: benzoylecgonine tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ìyẹ̀fun funfun tí ẹnìkan fín sí imú. Nítorí náà, pé ojú ti wálẹ̀, pé ẹnu kò rùn mọ́, pé orí ti pé, kò kan àyẹ̀wò. Ọ̀dọ́ tí gbogbo èyí ti dá lára rẹ̀ láti ọjọ́ méjì ṣì lè máa gbé ẹ̀rí kiri.

Inú ọ̀rá ara ni THC ń sá pamọ́ sí. Bó bá ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, á wọ inú ọ̀rá abẹ́ awọ àti èyí tó yí ìfun ká, á dúró síbẹ̀, á wá máa sun padà sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá sun padà ni ẹ̀dọ̀ ń rí pa dà. Ìgbẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù ń bá jáde. Bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ń gba ọ̀nà ìtọ̀. Ó dà bí epo pupa tó ta sí aṣọ funfun, tí omi ṣáá kò lè ṣe nǹkan kan fún. Kò sí ohun mímu tó ń lọ bá ọ̀rá níbi tó wà kó sì fọ̀ ọ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ náà, bó sì ṣe lè yá tó ló ń yá.

Ẹni tó mu igbó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè gbé ẹ̀rí rẹ̀ nínú ìtọ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 3. Ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ lè gbé e fún ọjọ́ 30, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá bó bá jẹ́ ẹni tó sanra. Kokéènì ń lo ọjọ́ 2 sí 4, kodíìnì ọjọ́ 2 sí 3, tramadol ọjọ́ 2 sí 4. Irun ní tirẹ̀ kì í tètè gbàgbé. Ó ń gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ díẹ̀ lóṣù, nítorí náà irun tí wọ́n gé ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4 láti ìdí rẹ̀ ń sọ ìtàn nǹkan bí oṣù mẹ́ta.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àyẹ̀wò yìí ti di òfin ibi iṣẹ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí àṣẹ pé ibi iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ní oògùn olóró nínú, wọ́n sì gbé ìlànà àyẹ̀wò jáde ní 1988. Nínú irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni gbèdéke ti jáde: bí THC-COOH inú mìlílítà kan ìtọ̀ bá tó nánógíráàmù 50, àyẹ̀wò àkọ́kọ́ á mú un, ẹ̀rọ tó ń jẹ́rìí sí i á tún wò ó dé 15. Bílíọ̀nù kan nánógíráàmù ló wà nínú gíráàmù kan. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan fẹ́ fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàn jẹ.

Ní Nàìjíríà, àjọ NDLEA tó ń gbógun ti oògùn olóró, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1989, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo tuntun ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ó sì ti ń rọ àwọn yunifásítì, àwọn agbanisíṣẹ́ àti àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó pé kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àsọdùn. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba Nàìjíríà gbé jáde ní 2019 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, ẹkùn Gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn sì wà lára ibi tó ti pọ̀ jù. Bí àyẹ̀wò ṣe ń gbilẹ̀ ni àwọn tó ń ta ọgbọ́n àbùjá náà ń gbilẹ̀.

Omi ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń sá bá. Wọ́n á ní kí ẹni tó ní àyẹ̀wò láàárọ̀ mu lítà mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó jáde nílé. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú omi yìí ni òwe náà ń sọ. Òótọ́ ni pé omi púpọ̀ lè la ìtọ̀ títí tí ohun inú rẹ̀ fi máa fọ́n ká. Ohun tí ẹni tó ń mu ún kò mọ̀ ni pé láábù kì í wo oògùn olóró nìkan. Wọ́n á wo creatinine, ìdọ̀tí tí ẹran ara máa ń tú sílẹ̀ lójoojúmọ́ ní ìwọ̀n tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, wọ́n á sì wo bí ìtọ̀ náà ṣe wúwo tó sí omi lásán. Ní ìlànà Amẹ́ríkà, bí creatinine bá dín sí mìlígíráàmù 20 nínú désílítà kan, tí ìtọ̀ náà sì fúyẹ́ jù, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtọ̀ tí wọ́n bu omi là ni. Bó bá dín sí 2, tí ìwúwo rẹ̀ náà kò sì bójú mu, wọ́n á ní kì í ṣe ìtọ̀ ènìyàn. Agbanisíṣẹ́ tó rí ìtọ̀ tí wọ́n bu omi là lè pe onítọ̀hún padà fún òmíràn láìsọ ọjọ́ fún un tẹ́lẹ̀. Gbogbo omi tó mu ti di òfo nìyẹn, ó sì ti fi ara rẹ̀ hàn pé òun ní nǹkan tí òun ń fi pa mọ́.

Omi kò sì mọ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Kíndìnrín kò lè lé ju nǹkan bí lítà kan jáde ní wákàtí kan. Èyí tó bá ṣẹ́kù á la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, omi á wọnú ọpọlọ, ọpọlọ á wú: èébì, orí fífọ́, gìrì, lẹ́yìn náà ikú. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2007, ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Sacramento, ìpínlẹ̀ California, ṣe ìdíje omi mímu. Obìnrin kan tó kópa nínú rẹ̀ kú lọ́jọ́ yẹn gan-an, bẹ́ẹ̀ sì ni omi lásán ló mu.

Àwọn tó rò pé àwọn gbọ́n ju omi lọ ń gbé Lasix mì, oògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀ léraléra. Aláìsàn ọkàn àti ẹlẹ́jẹ̀ ríru ni dókítà ń kọ ọ́ fún. Ó ń fa potassium kúrò lára, ọkàn tí potassium bá sì tán fún lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù ṣégeṣège. Bẹ́ẹ̀, omi àti iyọ̀ ló ń lé jáde. Ọ̀rá wà níbi tó wà. Nínú eré ìdárayá, irú oògùn bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Shane Warne, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù kríkẹ́ẹ̀tì ọmọ Australia, kò ju bọ́ọ̀lù kankan nínú ìdíje Ife Àgbáyé 2003 ní South Africa, nítorí oògùn amúnitọ̀ ni àyẹ̀wò rí lára rẹ̀. Ó ní ìyá òun ló fún òun kí òun lè fọn. Oṣù méjìlá ni wọ́n fi lé e kúrò nídìí eré náà.

Ọgbọ́n ilé ìdáná ló pọ̀ jù láàárín wa: omi ọsàn wẹ́wẹ́, omi àgbọn, mílíìkì inú agolo, epo pupa, àgbo kíkan, àgbo ewúro. Ibi tí wọ́n ti mú èrò náà wá kò ṣòro láti rí. Ilé púpọ̀ ni wọ́n ti ń fún ẹni tó gbé májèlé mì ní epo pupa tàbí mílíìkì, tí wọ́n sì gbà pé omi àgbọn ń pa agbára oògùn. Ní ti májèlé pàápàá, àwọn dókítà kò fara mọ́ epo pupa, nítorí ó lè gba ọ̀nà òdì wọnú ẹ̀dọ̀fóró. Ká tilẹ̀ gbà pé ó ń ṣiṣẹ́, inú ikùn ni májèlé wà lákòókò yẹn. Èéfín igbó kò dúró nínú ikùn. Ẹ̀dọ̀fóró ló gbà wọlé, ó sì ti dénú ẹ̀jẹ̀ kí ẹni náà tó pa iná rẹ̀. Àgbo tó ń múni yàgbẹ́ á fọ ìfun, inú ìfun kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Àgbo kì í ṣe ọ̀tá, iṣẹ́ tí wọn kò rán an ni wọ́n ní kó jẹ́.

Àwọn òyìnbó náà ní àgbo tiwọn nídìí ọ̀ràn yìí, ìtàn rẹ̀ sì dùn. Gbòǹgbò aláwọ̀ ìyeyè kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ goldenseal. Ní 1900, John Uri Lloyd, apoògùn ará ìlú Cincinnati, kọ ìwé ìtàn àròsọ kan, Stringtown on the Pike, níbi tí gbòǹgbò yìí ti da àyẹ̀wò májèlé rú nílé ẹjọ́. Láti inú ìtàn àròsọ yẹn ni òkìkí ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàn, títí àwọn èwe fi ń ra goldenseal ní ìgbà àyẹ̀wò ìtọ̀, pé ó ń fi oògùn olóró pa mọ́. Ẹni tó bá ka ìwé náà á rí i pé òdìkejì gan-an ni Lloyd kọ: nínú ìtàn rẹ̀, gbòǹgbò náà ló mú kí májèlé dà bí ẹni pé ó wà. Wọ́n fi ohun tó ń kó báni ṣe ohun tó ń yọni.

Niacin, ọ̀kan lára fítámì B, ti ṣe ju ìtìjú lọ. Ó ń mú kí awọ ara pọ́n kó sì gbóná, àwọn ènìyàn sì rò pé oògùn olóró ló ń jáde. Ní 2007, àwọn dókítà ní Philadelphia kọ nípa aláìsàn mẹ́rin tó gbé e mì lọ́pọ̀lọpọ̀ nítorí àyẹ̀wò. Awọ ara nìkan ló yọ àwọn àgbà méjì lẹ́nu. Àwọn ọ̀dọ́langba méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ: ẹ̀dọ̀ wọn bà jẹ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn já wálẹ̀. Ẹ̀dọ̀ yẹn kan náà ni òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń retí kó pa THC dà.

Ti eré sísá àti òógùn kò gba àlàyé púpọ̀. Ní 2013, àwọn olùwádìí Yunifásítì Sydney ní kí àwọn 14 tó ń mu igbó déédéé wa kẹ̀kẹ́ àdúrówà fún ìṣẹ́jú 35. THC inú ẹ̀jẹ̀ wọn gbé pẹ́ẹ́lí sókè, kò lọ sílẹ̀, nítorí ọ̀rá tó yọ́ tú èyí tó fi pa mọ́ sílẹ̀.

Àwọn kan kì í da ara wọn láàmú lórí ẹ̀dọ̀. Inú kọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń ṣe tiwọn. Wọ́n á da iyọ̀, ọtí kíkan, ọṣẹ tàbí bílíìsì sínú ìtọ̀, tàbí kí wọ́n mú ìtọ̀ ẹlòmíràn wá. Ìtọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ gbóná láàárín 32 sí 38 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n á wo bó ṣe kan tó, wọ́n á wá kẹ́míkà tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Lábẹ́ ìlànà iléeṣẹ́ ìrìnnà Amẹ́ríkà, ẹni tó ba ìtọ̀ jẹ́ tàbí tó pààrọ̀ rẹ̀ wà ní ipò ẹni tó kọ̀ láti ṣe àyẹ̀wò, ìyà rẹ̀ sì rí bákan náà. Ní 2005, wọ́n ká ohun èlò ìtọ̀ ayédèrú mọ́ Onterrio Smith, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú Minneapolis. Kò gbá bọ́ọ̀lù kankan nínú líìgì NFL ní sáà yẹn. Ti ẹni tó gbé bílíìsì mì dípò kó dà á sí kọ́ọ̀bù burú jù: ọ̀nà ọ̀fun ló ń jó.

Èéṣe tí ẹ̀rí fi wá pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ní ó ṣiṣẹ́ fún àwọn? Ẹni tó mu igbó lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ Ẹtì, tó mu àgbo ní ọjọ́ Àìkú, tó ṣe àyẹ̀wò ní ọjọ́rú, á yege pẹ̀lú àgbo tàbí láìsí i. Àgbo ló máa gba ìyìn. Ẹni tí ó kùnà kì í jáde wá jẹ́rìí, nítorí ojú ń tì í, ẹni tó tà á fún un á sì ní kò mu ún bó ṣe yẹ. Ọjọ́ tó kọjá ló ṣiṣẹ́, ọjọ́ kì í sì í ṣe ohun títà.

Ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ wá láti inú oògùn tí dókítà kọ fún un ní ọ̀nà tó mọ́. Kí ó tó tọ̀ rárá ni kó ti dárúkọ gbogbo oògùn tó ń lò, kó sì mú ìwé ilé ìwòsàn dání. Bébà àyẹ̀wò onítọ́rọ́ lè ṣìnà: ofloxacin tí wọ́n ń fi tọ́jú àkóràn ti mú kí àwọn kan jọ ẹni tó lo ẹ̀yà mọ́fíìnì, efavirenz tí wọ́n fi ń tọ́jú HIV sì ti mú kí àwọn kan jọ amugbó. Ẹni tó mọ̀ pé òun kò lo nǹkan kan lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún ẹ̀rọ ajẹ́rìí kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Fún ẹni tó ń lò ó lóòótọ́, kí ó dáwọ́ dúró kó sì jẹ́ kí ọjọ́ kọjá ni gbogbo ohun tó wà, ẹni tó ti mọ́ lára kò sì gbọdọ̀ dá a ṣe. Tramadol tí ènìyàn ti ń lò lójoojúmọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń já sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí oorun má báa dá, kí ara má máa gbọ̀n, kí inú má máa rú. Ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n ṣí ní 1954, àti ti Yábàá ní Èkó ń tọ́jú irú wọn. Nọ́ńbà NDLEA tí ìpè rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ni 080010203040.