Ẹ̀wù Àgbàwọ̀ Kò Bá Kánsù Mu

Bí òjò bá dá ní Ìsọlọ̀, ẹ ya ẹsẹ̀ wọ àdúgbò kan, kí ẹ wo gọ́tà. Ẹ ó rí pákó tí wọ́n fi dábùú rẹ̀ kí ọmọ iléèwé lè rí ọ̀nà kọjá. Ẹ ó rí ọ̀rá tó dí ojú rẹ̀ pa. Ẹ ó rí ìyá alákàrà tó ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi dúdú kúrò nídìí ààrò rẹ̀. Ẹ bi ìyá náà pé ta ló yẹ kó tún gọ́tà yìí ṣe, á ní gómìnà ni. Ẹ ní kó dárúkọ káńsẹ́lọ̀ rẹ̀, á mi orí. Ìmirí yẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju ìkún omi lọ, òun ló sì jẹ́ kí n lanu sọ̀rọ̀ lónìí.

Ẹ̀yin ará Òṣòdì, ẹ̀yin ará Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò fi iṣẹ́ kánsù ṣe àdììtú. Ó kà á lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, gáréèjì, odò ẹran, òpópónà, iná ojú ọ̀nà, gọ́tà, itẹ́ òkú, kíkó pàǹtírí. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kan náà, ní abala 162, ní kí owó tó ń ti Àbújá bọ̀ fún kánsù kọ́kọ́ wọ àpò àjọní kan lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Inú àpò yẹn ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kan gọ́tà ẹnikẹ́ni. Ẹrù wà lórí kánsù, àpò wà léjìká ẹlòmíràn.

Àwọn baba wa ní ẹ̀wù àgbàwọ̀, bí kò fún ni lápá, a ṣò lọ́rùn. Owó tí a fi tọrẹ fún ni náà, ìwọ̀n ẹni tó tọrẹ ni wọ́n fi rán an. Ẹ wo òfin ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004. Ìjọba àpapọ̀ ń ya náírà 2 sọ́tọ̀ nínú 100 tó bá wọlé fún un, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó tirẹ̀ kalẹ̀. Ètò tó dára ni, n kò bá a wí. Àmọ́ bí wọ́n bá ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni kí a fi owó náà kọ́, òun náà la ó kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gọ́tà iwájú iléèwé ló ń dá àwọn ọmọ padà sílé.

Ẹ rántí ọdún 2003. Ìjọba Gómìnà Bọ́lá Tinúbú dá kánsù tuntun 37 kún 20 tó wà nílẹ̀ ní Èkó, Òṣòdì-Ìsọlọ̀ wa sì di mẹ́ta: Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò. Wọ́n ní kí ìjọba lè sún mọ́ ilé ni. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kò gbà, ó dá owó kánsù Èkó dúró. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2004, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ààrẹ kò láṣẹ láti dá owó náà dúró. Ó tún ní àwọn kánsù tuntun kò tíì pé títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, ìgbà tí Ààrẹ Umaru Yar'Adua dé ní 2007 ni wọ́n tó tú owó tó kù sílẹ̀. Àwọn àgbà méjì ń fa ọ̀rọ̀, ẹrẹ̀ ń kún gọ́tà. Títí dòní, nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wa, orúkọ kan ṣoṣo, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ló wà nínú ìwé òfin. Orúkọ kan ni wọ́n fi ń pín owó, ẹnu mẹ́ta ló ń jẹ ẹ́.

Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Òfin ọdún 2001 kó owó orí ilé tó jẹ́ ti kánsù pọ̀ mọ́ owó ilẹ̀ sójú kan náà, ìpínlẹ̀ ló sì ń gbà á. Ní 2006, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ fún pátákó ìpolówó, iṣẹ́ tí ìwé òfin kà mọ́ ti kánsù. Ní Òṣòdì, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá kó ìsọ̀ kúrò lójú ọ̀nà ní 2009. Gómìnà Akínwùnmí Àḿbọ̀dé wó ọjà Owónifáàrí ní 2016, wọ́n ní kí àwọn ọlọ́jà kó lọ sí Ìsọ̀pákódowó. Ní oṣù Kẹrin 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n kọ́. Ẹni tó bá mọ Òṣòdì àtijọ́ á dúpẹ́, èmi náà dúpẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kánsù ni ọjà, iṣẹ́ kánsù ni gáréèjì, èkù idà kò sì sí lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ìyá ọlọ́jà jù. Ọmọ tí a kì í jẹ́ kó dá nǹkan ṣe, bó pẹ́ títí, kò ní mọ̀ ọ́n ṣe mọ́; ojú ẹni tó ń bọ́ ọ ni yóò máa wò.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún sọ̀rọ̀: kí owó kánsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ kánsù tí aráàlú dìbò yàn. A pàtẹ́wọ́. Ìkìlọ̀ mi rèé: bí àpò bá kúrò lọ́wọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó gbé àpò ló yí padà, ebi kò yí padà.

Ẹ̀yin aṣòfin, bí ẹ bá gbé iṣẹ́ lé kánsù lórí, ẹ jẹ́ kí owó iṣẹ́ bá a dé ibẹ̀. Ẹ̀yin alága, àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ: owó tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ àwọn tó yí yín ká, tí ẹ sì jíhìn rẹ̀ fún wọn, ni yóò gbà yín lọ́jọ́ tí òkè bá di ọwọ́ mú. Ẹ̀yin aráàlú, ìyá alákàrà ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì. Owó yín ni. Ẹ béèrè ìwé ìṣúná kánsù yín. Ẹ wá ọ́fíìsì káńsẹ́lọ̀ yín lọ kí ìdìbò tó dé, kí ẹ sì mú ọ̀rọ̀ gọ́tà dání, ẹ má mú ọ̀rọ̀ ìrẹsì lọ.

Pákó orí gọ́tà yẹn ti ń jẹrà, àwọn ọmọ wa ṣì ń gba orí rẹ̀ lọ sí iléèwé. Ẹ má jẹ́ kó dá mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ kí ẹ tó béèrè orúkọ ẹni tó yẹ kó tún un ṣe.